Irinwó Káàdì, Ilẹ̀kùn Kan

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá Atẹ̀wé ń fi àkísà nu tàdáwà kúrò lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ nígbà tí ìyàwó télọ̀ tí ilé wọn fara kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́fà sí àyà, ó sì mú káàdì kékeré kan lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ìyá ìkókó. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

Kò wọlé, kò sì padà. Bàbá Atẹ̀wé ń nu ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

"Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yẹn," ni ó wí, "bí kò bá wá tẹ̀wé, ó wá yá ìgbálẹ̀ mi ni. Èwo ni tìrẹ?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó na káàdì sí i.

"Bàbá, ṣé ilé ìwòsàn máa ń lé èèyàn ni?"

"Lé èèyàn kẹ̀?"

"Mo tẹ ohun tó wà lórí káàdì yìí sínú fóònù mi. Ó ní mi ò ní àṣẹ láti wọ ibẹ̀. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Mo mọ̀ pé mi ò lọ síbẹ̀ déédéé nígbà tí mo wà nínú oyún. Mo rò pé wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò ni."

Bàbá Atẹ̀wé gbé àkísà sílẹ̀, ó gba káàdì náà. Kò nílò láti kà á. Òun ló tẹ̀ ẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyàwó rẹ̀ fi ṣe agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn àdúgbò náà. Màmá Agbẹ̀bí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, ó kó ìbéèrè méjìlá tí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun máa ń bi í jọ, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ìyá ṣe ń bi í gan-an ló fi sọ àwọn fáìlì náà lórúkọ. Ó fi àmì sí orí lẹ́tà, ó fi àmì ìbéèrè sí ìdí ọ̀rọ̀, ó sì fi àmì # síwájú nọ́ńbà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ṣe wà lára gbogbo káàdì aláboyún tó ti fọwọ́ kàn rí. Nọ́ńbà tí kò bá ní # níwájú kì í ṣe nọ́ńbà lójú rẹ̀. Èkeje ni: *#7 Ojú ọmọ mi pọ́n, ṣé oòrùn tó?*

Nígbà yẹn, ẹ̀rọ kan wà ní yàrá tí àwọn aláboyún ti ń dúró. Wọ́n á tẹ ìbéèrè tó bá wù wọ́n, ohùn rẹ̀ á sì dáhùn. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Èyí tó wà nílé ni kò rí mi gbọ́. Òun sì ni ẹ̀rù ń bà."

Ó kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Nígbà tí ilé ìwòsàn gbé àwọn ohùn náà sórí ìkànnì wọn, Bàbá Atẹ̀wé ní òun ni yóò tẹ àdírẹ́sì wọn sórí káàdì fún gbogbo aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìkànnì, *ohun* tẹ̀ lé e, ìbéèrè náà bí Màmá Agbẹ̀bí ṣe kọ ọ́ ló sì parí rẹ̀. Ó tẹ irinwó, mẹ́fà nínú àwọn ìbéèrè náà níwájú, mẹ́fà lẹ́yìn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pín wọn.

"Nọ́ńbà wo lo fẹ́ gbọ́?" ni ó bi ìyàwó télọ̀.

"Keje, sà."

Bàbá Atẹ̀wé dìde. "Gbé ọmọ náà wá sí ìmọ́lẹ̀."

Funfun ojú ọmọ náà ti di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ara rẹ̀ náà ti ń bá a lọ. Ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ kò sì wá ọmú.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó di ọjọ́ kejì lónìí. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa gbé e sí oòrùn ojú fèrèsé. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Màmá Agbẹ̀bí sọ nípa rẹ̀, ni wọ́n bá ní mi ò ní àṣẹ."

Bàbá Atẹ̀wé mọ ohun tí Màmá Agbẹ̀bí sọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ tó sọ ọ́. "Ó ní kí ẹni tí ojú ọmọ rẹ̀ bá pọ́n má ṣe fi oòrùn tan ara rẹ̀ jẹ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó gbé e wá. Ó ya, wọ bàtà rẹ."

"Bàbá, bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Wọn yóò kọ́kọ́ lé èmi."

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì lọ.

Ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Nọ́ọ̀sì tó wà níwájú wo ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ pé, "Ẹ bá a lásìkò. Ká ní ẹ tún fi ọjọ́ méjì kún un, ohun mìíràn la ò bá máa sọ."

Bàbá Atẹ̀wé dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó rìn lọ sí yàrá tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, káàdì náà ní ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe ìtọ́jú àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà ló wà níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ẹni tó tíì rí i kó kánjú rí. Kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ àfi bó bá ti ya ohun tó fẹ́ ṣe sórí bébà. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá ń jó, yóò kọ́kọ́ wá pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n Màmá Agbẹ̀bí fẹ́ràn rẹ̀. "Ọmọ yẹn ní ọwọ́ agbẹ̀bí," ni ó máa ń wí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ti rán Jẹ́jẹ́ lọ to ẹ̀rọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Àná ló dé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní jókòó. Káàdì yìí fẹ́ẹ̀ pa ọmọ."

Jẹ́jẹ́ ka iwájú káàdì, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Kò kígbe.

"Mo ní kí ẹ dúró dè mí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ogójì ọdún ni mo ti ń tẹ̀wé, mo mọ àyẹ̀wò. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣáko. Gbogbo àmì tí ìyàwó mi fi sí i ló wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ẹ ṣí i lórí fóònù?"

Bàbá Atẹ̀wé wo káàdì náà. Jẹ́jẹ́ kò tún un bi. Ó na ọwọ́ sí àga, bàbá náà sì jókòó, ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ àdírẹ́sì keje bó ti wà lórí káàdì. Ọ̀rọ̀ kan jáde lójú fóònù: *Ẹ kò ní àṣẹ láti wọ ibí.*

Ó wò ó pẹ́.

"Àgbà wà lọ́jà," ni ó wí, "orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà náà ló sì wọ́ ọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn yín." Jẹ́jẹ́ fa bébà kan sọ́dọ̀, ó ya fóònù sí apá kan, ó ya àpótí kan sí apá kejì. "Àpótí yìí ni ẹ̀rọ tí ìkànnì wa ń gbé. Sáfà là ń pè é. Nígbà tí àwọn ìyá ń lo ẹ̀rọ tó wà ní yàrá àwọn aláboyún, inú ilé kan náà ni àwọn àti fáìlì wà. Wọ́n kàn ń nawọ́ mú un ni, orúkọ tó bá wù ú ló lè máa jẹ́. Àdírẹ́sì ìkànnì kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ rán fóònù ni. Fóònù á sì kọ́kọ́ ka iṣẹ́ náà kó tó jẹ́ ẹ. Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ àṣẹ lójú rẹ̀."

"Bíi #?"

"Òun gan-an. Bí fóònù bá dé ibi #, á ní: ibí ni iṣẹ́ tí mo máa jẹ́ fún sáfà pin sí, èyí tó kù, tèmi ni." Ó fa ìlà kan já lágbedeméjì bébà. "Sáfà kò gbọ́ nọ́ńbà keje. Kò gbọ́ ojú, kò gbọ́ ọmọ. Orúkọ fódà, àpò tí a kó àwọn fáìlì sí, nìkan ló gbọ́, ìyẹn *ohun*. Ó dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí kò sọ ẹni tó ń wá. Mi ò sì tíì gbé ojú ìwé kankan sí ẹnu ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó rán mi lọ. Ni sáfà bá ní kò sí àṣẹ."

"Kì í ṣe obìnrin yẹn ni wọ́n lé."

"Kò mọ̀ ọ́n rárá. Bí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn bá tẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ló máa sọ fún un."

Bàbá Atẹ̀wé mi orí. "Àmì ìbéèrè ńkọ́?"

"Bí òun bá ṣáájú, òun náà á gé orúkọ fáìlì kù. Fóònù rò pé ẹ̀ ń bi sáfà ní ìbéèrè ni. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ènìyàn, ibi tí àlàfo bá wà ni fóònù rẹ̀ lè gé e sí. Lóòótọ́, ọ̀nà wà láti kọ wọ́n ní kóòdù. Ẹ máa kọ %23 dípò #, ẹ máa kọ %20 dípò àlàfo, sáfà á sì tú u. Ẹ̀rọ lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú líǹkì láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ní kí ìyá tí kò tíì sùn láti ìjẹta máa tẹ ìyẹn?"

"Àmì ohùn orí lẹ́tà kò kúkú ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Bàbá, ṣé ẹ bá lẹ́tà òjé tí wọ́n ń fọwọ́ tò níṣẹ́ yìí?"

"Òun ni mo fi kọ́ṣẹ́."

"Báwo lẹ ṣe ń to *ọ́* nígbà náà?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ojú bàbá náà rọ̀. "Ọ̀nà méjì ni. Bí àpótí lẹ́tà rẹ bá pé, wà á rí èyí tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ lódidi. Bí kò bá pé, wà á mú *o* lásán, wà á wá to àmì mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀."

"Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tán, ta ló máa mọ èyí tí ẹ lò?"

"Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó tò ó ló mọ̀."

"Ọwọ́ ni sáfà. Bí fáìlì bá jẹ́ lódidi, tí fóònù ẹnìkan sì tò ó ní ẹyọ ẹyọ, sáfà lè ní òun kò rí fáìlì náà. Ẹ̀yin àti ẹni náà á máa wo ohun kan náà, ẹ ò sì ní í mọ ìdí tó fi kọ̀."

Bàbá Atẹ̀wé ti bébà náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohùn bàbá náà ti le.

"O fẹ́ yí orúkọ tó sọ wọ́n padà nìyẹn. Mi ò gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó, tó kọ wọ́n. Ó ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní gba ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Jẹ́jẹ́ kò bá a jiyàn. Ó to pẹ́ńsù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bébà.

"Ní ṣọ́ọ̀bù yín, àwọn páálí tí ẹ ń kó pílétì tí ẹ fi tẹ̀wé sí, kí lẹ máa ń kọ sí wọn lára?"

"A-14. B-3. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà sí i?"

"Kí ni n ó fi gbogbo ìyẹn ṣe lára páálí? Ọ̀rọ̀ wà lójú ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Ti páálí ni kí ọwọ́ sáà ti tètè rí..."

Ó dúró. Jẹ́jẹ́ ń wo bébà rẹ̀.

"O kò ní parí rẹ̀?" ni bàbá náà bi í.

"Ẹ ti bá mi parí rẹ̀, sà."

Bàbá Atẹ̀wé mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i."

Jẹ́jẹ́ kọ ọ́. Lójú ìwé tí àwọn ìyá yóò máa rí, ìbéèrè náà wà bí Màmá Agbẹ̀bí ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú # rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Fáìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló di *07-oju-pipon*.

"Ó dára," ni bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n irinwó káàdì ti jáde. N ó lọ gbà wọ́n padà, ilé dé ilé. Bó bá gbà mí lọ́dún kan, kó gbà mí lọ́dún kan. Ìyá mélòó ló ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, tí wọ́n sọ fún un pé kò ní àṣẹ?"

Jẹ́jẹ́ tún gbé káàdì náà. Ó fi orí pẹ́ńsù tọ àwọn àdírẹ́sì náà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó tún tọ ẹ̀yìn. Bàbá Atẹ̀wé ń wò ó. Ó ti rí ọwọ́ tó ń lọ báyìí rí, lórí ikùn aláboyún, ọwọ́ tó ń wá ibi tí orí ọmọ wà.

"Bàbá, nínú àwọn méjèèjìlá, ibo ni # wà?"

"Lẹ́yìn *ohun*. Ó máa ń fi í síwájú nọ́ńbà ni."

"Kò sí èyí tó yàtọ̀?"

"Kò sí. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣe nǹkan ségesège."

"A jẹ́ pé ibì kan náà ni fóònù ti ń gé gbogbo wọn." Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí káàdì kan tó ṣìnà, Bàbá. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo irinwó ń kàn. Kò kàn sí ẹnikẹ́ni nídìí ilẹ̀kùn náà ni. Ẹ jẹ́ ká gbé Màmá jókòó síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú Bàbá Atẹ̀wé rántí nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ kì í bá ọmọ tó kọjú sódì nínú ìyá rẹ̀ jà. Ibi tí ọmọ bá kọjú sí ló máa ń lọ pàdé rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohùn náà, ó sì fi ẹ̀dà pamọ́ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ló tún fáìlì méjèèjìlá sọ lórúkọ. Ó wá gbé ojú ìwé kan sí ẹnu ọ̀nà *ohun*, ó to ìbéèrè méjìlá sí i lọ́nà tí fóònù tó kéré jù lọ fi lè gbé e. Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù tirẹ̀, ó ṣí wọn lórí ti bàbá, ó sì yá ti obìnrin tó ń nu ilẹ̀, èyí tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti là. Nọ́ọ̀sì kan yọjú wọlé pé, "Jẹ́jẹ́, o ṣì wà lórí ẹ̀? Ìgbín ti kọjá ẹ lọ o!" Bàbá Atẹ̀wé yíjú sí i. "Jẹ́ kó ṣe é. Èmi ni mo sáré."

Ó di ọ̀sán kí Jẹ́jẹ́ tó gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. "Ẹ lo káàdì àtijọ́ yẹn," ni ó sọ. "Òun ni káàdì tó wà lọ́wọ́ wọn nílé."

Bàbá Atẹ̀wé rìn lọ sí yàrá àwọn ìkókó. Ìyàwó télọ̀ jókòó ti iná aláwọ̀ búlúù, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti jí, ó sì ti mu ọmú lẹ́ẹ̀mejì.

"Tún un tẹ̀," ni bàbá náà sọ fún un, ó sì na káàdì sí i.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti fi orúkọ mi padà ni?"

"Wọn kò yọ ọ́ rí. Èmi ni mo ṣe káàdì tó ń parọ́ fún yín. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé náà ṣí, ìbéèrè méjìlá tò sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ó tẹ ìkeje. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kọjá, tí kò sí ohùn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ ló sì ń bá sọ̀rọ̀: "Bàbá ilé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fáànù yẹn."

Ó wá wú ikọ́ díẹ̀. "Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín..."

Bàbá Atẹ̀wé dúró. Láti oṣù mẹ́jọ, kò tíì gbọ́ ohùn náà. Ó gbé ojú sókè wo àjà. Fáànù yàrá náà ń yí. Ó rìn lọ sí ìdí ògiri, ó pa á, ó sì padà wá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ títí ohùn náà fi parí.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ télọ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwé, àwòrán tàbí ohùn sórí ìkànnì fún ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èyí gbọ́. Orúkọ tí ènìyàn ń kà àti orúkọ tí sáfà ń wá kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ kọ ti ènìyàn ní pípé lójú ìwé, ẹ fi gbogbo àmì sí i, ẹ má ṣe bu èdè yín kù nítorí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì, lẹ́tà kékeré lásán, nọ́ńbà àti ìlà kékeré yìí (-) ti tó o. Ẹ má fi lẹ́tà ńlá pọ̀ mọ́ kékeré, nítorí ọ̀pọ̀ sáfà gbà pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ yọ #, ?, %, & àti àlàfo kúrò nínú rẹ̀. Bí fáìlì kan bá gbọ́dọ̀ ní wọn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ kóòdù wọn sínú líǹkì, ẹ má fi ọwọ́ ṣe é.

Bí ẹ bá ti pín àdírẹ́sì kan fún aráyé, ẹ má kàn jí lọ́jọ́ kan kí ẹ yí i padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tí yóò mú àlejò dé ibi tuntun. Ẹ má sì tẹ àdírẹ́sì kankan sórí bébà àyàfi bí ẹ bá ti ṣí i lórí fóònù tí kì í ṣe tiyín. Ojú nìkan kò tó fún àyẹ̀wò rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró.

Bàbá Atẹ̀wé ti tẹ káàdì tuntun. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́ kí Jẹ́jẹ́ tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kó fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìrántí ìyàwó rẹ̀. Kò kọ orúkọ obìnrin náà, kò kọ ọjọ́ tó kú. Ohun tó kọ nìyí:

*Bí kò bá ṣí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Gbé ọmọ wá.*